Lórí “àrùn ìrònú ogbó”: ẹ jẹ́ kí á yọ ogbó kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa,

Mo ka àbá tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa mú wá, pé kí á máa pe ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn tó ń bá àgbàlagbà jà pa pọ̀ ní “àrùn ìrònú ogbó”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún èdè yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ orúkọ yìí kò dára, bí a bá sì dákẹ́, yóò wọnú ìwé ìlera, yíyọ rẹ̀ yóò sì di ogun.

Ẹ wo “ogbó”. “Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́” ni a fi ń súre fúnra wa. Báwo ni ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ṣe wá di orísun àrùn? Bí a bá ní “ooru iná”, iná ló mú ooru wá. Ẹni tó bá gbọ́ “àrùn ogbó” yóò gbà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ pé ogbó ló bí i, pé kò sí ẹni tí yóò dàgbà tí kò ní ṣe é. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò ní in rárá, àwọn tó ní in sì lè gbádùn bí wọ́n bá rí ìtọ́jú, ìbáà ṣe oògùn tàbí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀. Ọmọ tó bá ti gbà pé ogbó lásán ni kì í gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

“Ìrònú” náà kò bá a mu. Mo ti ń ṣe ògbufọ̀ láàárín dókítà àti aláìsàn láti ìgbà pípẹ́, mo sì mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ: ẹ̀yìn ń ro òun, oúnjẹ kò wu òun jẹ, àyà òun ń já láìsí ohun tó lé òun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á dìde lọ wo ìlẹ̀kùn tó ti tì, á padà sórí ibùsùn, á tún dìde lọ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí dókítà bá bi í bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́, á ní rárá o. Ara ni wọ́n ń ròyìn, kì í ṣe ìrònú.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo gbé ọ̀kan nínú àìsàn méjì mì. Ìrẹ̀wẹ̀sì ní kò sí rere kankan níwájú mọ́. Àìbalẹ̀ ọkàn ní ibi ń bọ̀ lọ́nà. Nínú DSM-5, ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013, ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ó sì gbọ́dọ̀ tó oṣù 6 kí wọ́n tó pè é ní àìbalẹ̀ ọkàn tí kò mọ ohun kan pàtó. ICD-11, ìwé orúkọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń lò láti 2022, sọ àdàlù àwọn méjèèjì lórúkọ, síbẹ̀ orúkọ méjèèjì ló kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lára àgbàlagbà, ìwòsàn a máa falẹ̀, èrò àtipa ara ẹni a sì máa pọ̀ sí i. Dókítà tó bá rí ìjáyà nìkan lè fún un ní oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ irú benzodiazepine, èyí tó lè mú kí ó ṣubú, kí egungun rẹ̀ ṣẹ́, nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà níbẹ̀.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀nà láti so méjì pọ̀. A ní tọkọtaya, a ní tọ̀sán-tòru, a ní tibi-tire. “Ti” tó tún ara rẹ̀ sọ yìí kì í jẹ́ kí ọ̀kan sá sẹ́yìn èkejì. Nítorí náà, “tìrẹ̀wẹ̀sì-tàìbalẹ̀-ọkàn” ni àbá tèmi: tìrẹ̀wẹ̀sì-tàìbalẹ̀-ọkàn ló ń bá bàbá jà. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n etí gbogbo ọmọ Yorùbá ni yóò gbà á láìsí àlàyé.

Ẹni tó dábàá “àrùn ọkàn” kó rántí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù dáadáa ló ti ni orúkọ yẹn. Bí àyà tó ń já bá gbé e wọ̀, ìtọ́jú méjì yóò dàrú mọ́ra wọn. Àwọn tó sì fẹ́ “ìsoríkọ́” dípò “ìrẹ̀wẹ̀sì” kò tíì sọ fún wa bí a ó ṣe pe ti ẹni tí orí rẹ̀ wà lókè, tó ń rẹ́rìn-ín kí àlejò, tí ìrẹ̀wẹ̀sì sì ń bá jà. Mo ń retí èsì wọn.