Ǹjẹ́ àìlèfọkànsí ṣe ọdẹ ayé àtijọ́ láǹfààní ní tòótọ́?

Àwọn kan ní ìṣòro àìlèfọkànsí nǹkan, ADHD, wúlò fún àwọn baba ńlá wa nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ kiri, àti pé iṣẹ́ àgbẹ̀, kíláàsì àti ọ́fíìsì ni ó sọ ọ́ di àìsàn. Mo ti gbìyànjú láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo kà ń tako ara wọn.

Nínú ìwádìí ọdún 2008 lórí ẹ̀yà Ariaal ní àríwá Kẹ́ńyà, àwọn ọkùnrin darandaran tí ó ní 7R, ẹ̀dà kan lára jíìnì DRD4 tí àwọn ìwádìí ìṣáájú ti so mọ́ ADHD, sanra dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ó ti fìdí kalẹ̀ sójú kan, àwọn tí ó ní i ni ara wọn gbẹ jù. Èyí wú mi lórí gan-an, títí mo fi rí i pé ìwádìí ńlá ti ọdún 2019 rí ibi 12 nínú jíìnì ènìyàn tí ó tan mọ́ ADHD, tí DRD4 kò sì sí lára wọn. Ìwádìí ọdún 2020 tí ó lo DNA òkú àtijọ́ tún sọ pé àwọn ẹ̀dà jíìnì tí ó tan mọ́ ADHD ti ń dín kù láti ìgbà tí ènìyàn ṣì ń lo òkúta gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́, kí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́: bí ìdínkù náà bá ti ṣáájú oko dídá, ẹ̀rí wo ni ó kù pé àǹfààní kan wà níbẹ̀ rí, tí kì í ṣe àyípadà jíìnì kéékèèké tí ó kàn ń kóra jọ láti ìran dé ìran?