Ẹ gbà mí o: ta ló ń gbé inú adágún abẹ́ yìnyín ní Antarctica?

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń sọ̀rọ̀ lórí ibi tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ń gbé, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè. Ó ní òun gbọ́ pé nǹkan ẹlẹ́mìí wà nínú adágún tí yìnyín bò láti ọdún dé ọdún ní Antarctica. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní kí wá ni wọ́n ń jẹ, kí ló sì dé tí omi náà fúnra rẹ̀ kò dì gbagidi? Mo ní kí gbogbo kíláàsì lọ fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí tíṣà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òmíràn tún ní fọ́tò kan wà lórí WhatsApp ẹ̀gbọ́n òun, omi pupa tó ń ṣàn jáde lára yìnyín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kó tó di ọjọ́ Ajé.

Bàbá Ẹlẹ́ja kọ:

Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Pańlá inú fíríìsà ni mò ń tà. Tí fíríìsà mi bá ti wọ -18, kò sí kòkòrò tó lè fọwọ́ kan ẹja yẹn. Òtútù ń pa wọ́n ni.

Àdùkẹ́ Ilé Àyẹ̀wò kọ:

Bàbá, ẹ kú ọjà o. Òtútù ò pa gbogbo wọn, ó kàn dá wọn dúró ni. Ẹ gbé pańlá yẹn síta láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ imú yín á sọ fún yín.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí mò ń fojú rí. Ilé àyẹ̀wò yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń tọ́jú ọbẹ̀dò kan níbẹ̀ tí ìran rẹ̀ ti inú adágún Bonney ní Antarctica wá. Èmi ò débẹ̀ rí, àwọn ọ̀gá ló ń lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí n sì máa wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Inú ẹ̀rọ tútù tó wà ní dígírì 8 ló ń gbé, iná tí a tàn sí i kò lágbára. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yẹn láìwọ súwẹ́tà.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, roboto, àwọ̀ ewé, irun méjì tín-ín-rín níwájú rẹ̀ tó fi ń wẹ̀. Nígbà mìíràn wọn kì í dá rìn, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ á fún pọ̀ sínú awọ kan. Chlamydomonas priscui ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi sọrí John Priscu, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ nídìí àwọn adágún yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ rèé: a máa ń káàánú wọn pé wọ́n ń fara da òtútù. Wọn ò fara da nǹkan kan. Ilé wọn nìyẹn, ooru ni ọ̀tá. Tó bá ti kọjá dígírì 18, ọbẹ̀dò wa yìí ò ní pọ̀ sí i mọ́. Tó bá di 24, ikú ni. 24 yìí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ á ní ojú ọjọ́ tutù lónìí.

Ara wọn ni wọ́n fi ń gbé e. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́, epo pupa á dì nínú ìgò, òróró ẹ̀pà á sì máa ṣàn. Ọ̀rá ló wà nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Ti àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ irú tòróró, kì í le nínú òtútù. Ṣùgbọ́n tí ooru bá dé, awọ náà á rọ̀ jù.

Ti omi tí kò dì: àfonífojì Taylor ni Bonney wà, lára àwọn àfonífojì gbígbẹ McMurdo. Tí a bá pín ooru ọdún kan dọ́gba níbẹ̀, kò ní jìnnà sí -18, iye kan náà pẹ̀lú fíríìsà Bàbá Ẹlẹ́ja. Síbẹ̀, adágún náà jìn tó nǹkan bíi mítà 40, yìnyín orí rẹ̀ ò ju mítà 3 sí 5 lọ. Yìnyín fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló ń wà, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí òtútù ìta ráyè wọlé. Lóṣù December àti January, omi tó yọ́ lára òkìtì yìnyín orí òkè máa ń ṣàn gba etí adágún wọlé. Atẹ́gùn gbígbẹ ń jẹ yìnyín lókè, omi sì ń dì kún un nísàlẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ kún un: omi ìsàlẹ̀ Bonney níyọ̀ ju òkun lọ fíìfíì, omi iyọ̀ kì í sì tètè dì.

Ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà gidi. Láti ìparí oṣù kẹrin títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ, oòrùn kì í yọ níbẹ̀. Tó bá sì wá yọ tí kò fẹ́ wọ̀ mọ́, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ń la yìnyín kọjá. Ìyẹn ni ọbẹ̀dò ń fi se oúnjẹ. Àwọn mìíràn wà ní adágún Fryxell àti Hoare tí wọ́n gbọ́n jù ú lọ: wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ bíi ewé, wọ́n sì tún ń gbé bakitéríà mì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Lórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àwọn adágún náà, àwọn bakitéríà tó ń lo oòrùn máa ń so kọ́ra, wọ́n á di awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ilẹ̀. Ọ́síjìn tí wọ́n ń mú jáde á kó sábẹ́ awẹ́ yẹn, á gbé abala kan sókè, abala náà á já, á léfòó lọ lẹ̀ mọ́ abẹ́ yìnyín. Omi á dì yí i ká. Bí atẹ́gùn ti ń jẹ yìnyín lókè, tí omi ń dì nísàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi yọ sójú yìnyín ní gbígbẹ, tí ìjì á sì gbé e káàkiri àfonífojì.

Ti ẹ̀jẹ̀, rárá o. Griffith Taylor, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ló rí omi pupa náà ní 1911, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀dò pupa ni. Omi iyọ̀ tó ti há sábẹ́ yìnyín láìrí afẹ́fẹ́ ni, irin pọ̀ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń yọjú síta ni irin yẹn ń dípẹtà. Inú Bonney yìí kan náà ló ń ṣàn sí. Kí ọmọ yẹn sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó pa fọ́tò náà rẹ́, tàbí kó tún àkọlé rẹ̀ kọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London kọ:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣé gan-an ni. Èyí tó wà lábẹ́ yìnyín oníkìlómítà ńkọ́, níbi tí oòrùn ò lè dé láéláé? Mo gbọ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ ihò dé ọ̀kan.

Àdùkẹ́ Ilé Àyẹ̀wò kọ:

Vostok nìyẹn, àbúrò mi. February 2012 ni wọ́n dé ojú omi rẹ̀, lábẹ́ yìnyín tó ju kìlómítà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì wà nínú ohun tí wọ́n dà sínú ihò náà kó má baà dí, àríyànjiyàn ló sì wá gbẹ̀yìn rẹ̀: èwo ló jẹ́ ọmọ adágún, èwo ló bá kẹrosíìnì wọlé?

Ti adágún Whillans, tí òun náà wà lábẹ́ yìnyín, ni mo gbà gbọ́. January 2013, àwọn ará Amẹ́ríkà fi omi gbígbóná gbẹ́ yìnyín bíi mítà 800. Wọ́n sẹ́ omi náà, wọ́n tún fi ìtànṣán ultraviolet pa ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Wọ́n bá nǹkan bíi 130,000 sẹ́ẹ̀lì nínú mílílítà kan ṣoṣo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò mọ oòrùn. Amóníà àti mítéènì wà lára ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Ní ìparí 2018, wọ́n tún dé adágún Mercer, lábẹ́ yìnyín tó lé ní mítà 1,000, wọ́n sì bá òkú tardigrade níbẹ̀, ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ojú lásán ò lè rí dáadáa.

Bàbá Ẹlẹ́ja kọ:

Mo ti gbọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n bí dígírì 24 bá ń pa á, kó dúró síbi tó wà. Ẹja mi mọ́.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́ kọ:

Bàbá, ẹ ò ní pa wá! Àǹtí Àdùkẹ́, kò ní tán lára yín o. Máíkírósíkóòpù kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ni mo lè fi han àwọn ọmọ?

Àdùkẹ́ Ilé Àyẹ̀wò kọ:

Àwọn ìbátan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, Chlamydomonas kún inú omi adágún àti ilẹ̀ tútù káàkiri ayé. Ẹ wá àgbá òjò tí omi inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, ẹ fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ fi ojú 10 wá wọn ná, kí ẹ tó yí i sí 40. Bí wọ́n bá ń sáré jù, ẹ fi áyódíìnì díẹ̀ sí etí gíláàsì náà, wọ́n á dúró, irun méjì yẹn á sì hàn.