Ewé tó ń rùn bí aáyù ti fẹ́ gba ọgbà mi o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa ewé tí wọ́n ń pè ní garlic mustard? Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, inú igbó ẹ̀yìn ilé wa ló ti wọ ọgbà mi. Lọ́dún tó kọjá ewé rẹ̀ kàn tẹ́ sílẹ̀ ni, mi ò kà á sí, àfi bó ṣe di Épírì yìí tó ga kọjá orúnkún mi tó wá yọ òdòdó funfun kéékèèké, ewé òdòdó mẹ́rin mẹ́rin, tí mo bá sì fọwọ́ ra ewé rẹ̀ báyìí, òórùn aáyù gidi ló ń jáde. Aládùúgbò mi kan ní àwọn ará Yúróòpù ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, pé kí n tètè fà á tu kó tó so, torí irúgbìn rẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó ṣì hù. Mo ti fa báàgì méjì, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń já sínú ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé kí n dúró dìgbà tójò bá rọ̀ kílẹ̀ rọ̀ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a jà rí, kí lẹ ṣe? Ṣé ẹnikẹ́ni sì ti fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ rí?