Níbo ni kí ẹgbẹ́ wa ní Kàbà kó ohùn àwọn àgbà sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa ní Kàbà ń gba ohùn àwọn àgbà Owé, Ìyàgbà àti Bùnú sílẹ̀: oríkì, orin, ìtàn. Ìkànnì ńlá kan ti ojú ewé wa pa láìsọ ìdí, ohùn àwọn tó ti dolóògbé sì wà níbẹ̀. Ó dùn mí dé ọkàn.

A ti fi Debian (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà) àti LibreOffice (ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ̀wé) sórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa, ìyẹn ń lọ dáadáa. Ibi tí a ó ti máa pàdé lórí ayélujára ló kù. Mastodon, ìkànnì àjùmọ̀lò ọ̀fẹ́ tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016, fàyè gbà wá láti dá sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì ró) tiwa sílẹ̀, ká sì máa bá àwọn tó wà lórí sáfà míì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé ká yá àyè lórí sáfà òkèèrè, àbí ká kọ́kọ́ wọ ti ẹlòmíràn ná? Dátà wọ́n, ohùn sì ni àwọn ìyá wa máa ń fi ránṣẹ́, wọn kì í kọ̀wé. Ṣé Matrix, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí èèyàn lè gbé sórí sáfà tirẹ̀, ò ní wúwo jù fún fóònù wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, èló ló ń ná yín lóṣù?