Plánù odò já sí mi lọ́wọ́, ilẹ̀ ẹbí ìyá mi sì wà nínú ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Iléṣà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Iléṣà ni mò ń gbé, Òṣogbo ni ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ gọ́ọ̀mẹ́ǹtì ìpínlẹ̀ ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn tó ń ṣe plánù igbó, odò àti ilẹ̀ oko. Tí ẹ bá gbọ́ olórí ẹ má rò pé owó ni, ìpàdé ni o. Tòní pẹ̀lú àwọn fọ́rẹ́sítà, tọ̀la pẹ̀lú àwọn tó ń rí sí omi, kálukú ló ní máàpù tiẹ̀, méjì ò bára mu nínú gbogbo ẹ̀. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀, mọ́tò kan, kì í sì í sábà ní díísù.

Wọ́n wá ní ká ṣe plánù fún apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí àwọn tó ń wa wúrà ti ya wọ̀, odò wo ni kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa gbẹ́ ẹ, kòkó wo ni kí wọ́n fi sílẹ̀, ibo ni ká ti tún igi gbìn. Ó dáa. Mo ṣí máàpù, ni mo bá rí i pé odò tó wà láàrin ẹ̀ gan-an ẹ̀yìn abúlé ìyá mi ló gbà kọjá, odò tí a máa ń fọwọ́ bu mu nígbà tí a bá lọ sóko lọ́lidé, ó ti pupa báyìí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbowó lọ́wọ́ àwọn awakùsà yẹn, lórí ilẹ̀ ẹbí. Bàbá náà ti pè mí láago mọ́kànlá òru, wọ́n ní "ṣebí ọmọ mi ló mú bírò dání, fa ìlà yẹn gba ibòmíì." Màámi ní kí n má dójú ti àwọn ará ilé òun. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ní òun fẹ́ ẹ kí oṣù tó parí, kò sówó láti lọ wo ibẹ̀, kí n wò ó lórí Google. Ṣé kí n gbé fáìlì yìí fún ẹlòmíì ni àbí kí n ṣe é?

Súfèyọ̀ Àgbà: Ẹ kọ mẹ́mò lọ́la, kí ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀ ẹbí yín wà nínú ẹ̀, pé kí ẹlòmíì fa ìlà apá ibẹ̀ yẹn kí ẹ̀yin máa bójú tó èyí tó kù. Kó wọ fáìlì, kó ní déètì. Torí tí wọ́n bá dá odò yẹn sí, àwọn awakùsà á ní ẹ ń ṣojú ẹbí yín, tí wọn ò bá dá a sí, ará abúlé á ní ẹ ti jẹ níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ẹ máa gbà á.

Ẹ fi ti Google sílẹ̀, fọ́tò ibẹ̀ lè ti pẹ́ lọ́dún mélòó kan. Fọ́tò sátẹ́láìtì Sentinel-2 ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń padà wá ya ojú ilẹ̀ kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 5, ẹ̀ẹ̀ máa rí kòtò wọn pupa láàrin igbó. Àmọ́ tẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ mú o, kùrukùru òjò ò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan ní July. Àwọn AFRIGIST wà nínú Yunifásítì Ifẹ̀ níbẹ̀ yẹn, àwọn tí à ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ máàpù. Ẹ lọ bá wọn.

Jẹun Sókè: Ẹ gba tiyín nínú owó yẹn kí ẹ dákẹ́ jàre, gọ́ọ̀mẹ́ǹtì wo 😂

Ọmọ Iléṣà: @Jẹun Sókè ìwọ lo máa wá bá mi jẹ́jọ́?

Lọ́yà Òkèèṣà: Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Wúrà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ti gọ́ọ̀mẹ́ǹtì àpapọ̀ ni, Abuja ló ń fúnni ní lẹ́sẹ́ǹsì lábẹ́ òfin kùsà 2007. Orí ilẹ̀ ló wà níkàáwọ́ gómìnà, òfin ilẹ̀ 1978 nìyẹn. Ẹ̀yin ò lè fi plánù gba lẹ́sẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnì kan, àmọ́ òfin 2007 kan náà yọ ibojì, ọjà, abúlé àti ojúbọ sílẹ̀, ó tún yọ ibi tí kò bá tó mítà 50 sí dáàmù tàbí títì gọ́ọ̀mẹ́ǹtì. Ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo ìyẹn sórí máàpù yín, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní líìsì ìwakùsà gbọ́dọ̀ ti bá ìlú ṣe àdéhùn lórí ohun tó máa ṣe fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi bàbá léèrè, ìwé dà? Tó bá jẹ́ pé owó lọ́wọ́ ni, tí kò sí lẹ́sẹ́ǹsì kankan, bàbá gan-an wà nínú wàhálà, ẹ sì lè fi ìyẹn bá wọn sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní kọmítì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kùsà àti àyíká, tí wọ́n ń pè ní MIREMCO, òfin yẹn náà ló dá a sílẹ̀, ẹ rí i pé plánù yín dé iwájú wọn.

Màmá Kòkó: Ọmọ mi, má bá àgbàlagbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù lóru mọ́. Lọ bá wọn lójúmọmọ, mú obì dání. Béèrè iye tí wọ́n gbà, kó o wá béèrè igi kòkó mélòó ló wà níbẹ̀. Kòkó tá a bá gbìn lónìí, ó di ọdún 3 sí 5 kó tó so, tó bá sì so, ọmọ-ọmọ á jẹ níbẹ̀. Owó awakùsà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Èmi ti rí kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ lóko ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ mẹ́ta ló ti jábọ́ síbẹ̀, kódà ewúro ò hù níbẹ̀ mọ́.

Ará Mọ̀ọ̀rè: Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ ò tíì dárúkọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ o! Onílẹ̀ lè gbowó wúrà kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbin kòkó sórí ilẹ̀ yẹn láti ayé bàbá ẹ̀. Àwa níbí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè dá sílẹ̀, mi ò fẹ́ sọ jù. Ẹ pe àwọn yẹn lọ́tọ̀, lẹ́yìn onílẹ̀, ẹ sì pe àwọn obìnrin tó ń pọnmi, àwọn ló mọ oṣù tí omi yí padà.

Ọmọ Iléṣà: Ẹ ṣé o gbogbo yín. Mẹ́mò ti wọlé ní Mọ́ńdè, ọ̀gá mi wò mí títí kó tó sáìnì ẹ̀, ọmọbìnrin kan nínú àwa márùn-ún ló máa fa ìlà apá odò. Mo lọ bá bàbá ní Sátidé tòun tobì. Ìwé kankan ò sí, owó ọ̀hún sì ti di páànù orí ilé. Inú wọn ò dùn sí mi rárá. Àmọ́ nígbà tí mo ṣàlàyé mẹ́kúrì fún wọn, pé òun ni wọ́n ń pò mọ́ yanrìn kó lè mú wúrà, tí wọ́n á wá yan án lórí iná, pé èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn lára, pé èyí tó bá bọ́ sódò ẹja ló ń jẹ ẹ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá pe ìyàwó wọn, wọ́n ní ibo lẹ ti ra ẹja àná?

Díísù ti dé. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ. Ẹni tó bá ní bàtà òjò nọ́ḿbà 45 ní Iléṣà kó jọ̀ọ́ yá mi.