Gọ́ọ̀fù ní àárín òkè Rockies: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwọn kan ń béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn gbé àpò gọ́ọ̀fù rìnrìn àjò títí dé àfonífojì àárín òkè Rockies, nígbà tí pápá mìíràn wà nítòsí. Mo ti gbá a ní Banff, ní Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìdáhùn mi sì ni pé ó yẹ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi níbẹ̀ ni pé ojú kò ṣeé gbára lé láàárín òkè. Òkè Rundle ga tó 2,948 mítà, ó sì dìde gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nítorí pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ á kéré lójú, á sì dà bíi pé ó sún mọ́ni. Stanley Thompson tó ṣe ètò pápá náà, tí wọ́n ṣí ní 1928, mọ èyí dunjú. Ó gbẹ́ àwọn kòtò iyanrìn kí etí wọn lè jọ ṣóńṣó àwọn òkè tó wà lẹ́yìn. Ojú á so kòtò pọ̀ mọ́ òkè, á sì gbàgbé ilẹ̀ gbalasa tó wà láàárín kòtò àti ibi tí àsíá wà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Ọkùnrin náà kò bá òkè jà rárá, ó fi òkè ṣiṣẹ́ ni.

Afẹ́fẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Banff fi nǹkan bí 1,400 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kì í dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ 150 yáàdì fún yín nítòsí òkun lè fi bíi yáàdì mẹ́wàá kún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde láàárọ̀ kùtù, tí òtútù ṣì mú, òtútù á gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pá tí èèyàn lò lówùúrọ̀ kì í ṣe èyí tó máa lò ní ọ̀sán fún ìwọ̀n kan náà.

Ihò kẹrin ni gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Devil's Cauldron. Ihò kẹjọ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ihò mẹ́sàn-án kún pápá ní 1989 ni ètò yí padà. Ìgbá mẹ́ta ni wọ́n ń retí kí èèyàn fi parí rẹ̀. Ẹ ó dúró sókè, adágún omi á wà nísàlẹ̀, koríko kúkúrú tí àsíá wà lórí rẹ̀ á sì wà ní òdìkejì, nínú kòtò bíi inú àwo, pẹ̀lú àwọn kòtò iyanrìn yí i ká. Ibi tí ẹ dúró sí lè pa rọ́rọ́, kí atẹ́gùn sì máa yí lórí omi. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ lọ dá ọwọ́ mi dúró, ó ní, "Má wo igi, má wo òkè. Omi ni kí o wò." Lóòótọ́, ojú omi ń rú lápá kan ṣoṣo. A dúró títí ó fi tòrò, mo gbá a, bọ́ọ̀lù balẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí koríko. Inú mi dùn débi pé n kò rántí iye ìgbá tí mo fi parí ihò tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbàgbé àwọn elk, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n máa ń wọ orí pápá. Lóṣù Kẹsàn-án ni àwọn akọ ń jà du abo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn nígbà náà. Ohun tí Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè Kánádà, ń sọ ni pé kí ẹ fi 30 mítà jìnnà sí elk, kí ẹ fi 100 mítà jìnnà sí béárì. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sáàárín wọn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kì í gbá gọ́ọ̀fù, ọkọ mi ló ń gbá a, ojú tèmi sì rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fi ìyàwó yín jókòó sínú ọkọ̀ kékeré orí pápá láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹ máa pè é ní ìsinmi. Bí ọkọ mi ṣe ń gbá tirẹ̀, mo rin ọ̀nà tó kọjá lẹ́bàá ìtàkìtì omi Bow, tó sì wọ àárín pápá lọ. Gbogbo èèyàn ló láyè láti rìn ín. Lọ́jọ́ kejì mo gba ọkọ̀ orí wáyà lọ sókè Sulphur, mo rí gbogbo àfonífojì lẹ́ẹ̀kan náà, odò Bow ń wọ́ kọrọkọrọ láàárín rẹ̀. Lálẹ́, àwa méjèèjì wọ inú omi gbígbóná tó ń ti inú òkè yẹn tú jáde. Omi bẹ́ẹ̀ gan-an ló bí ọgbà ìpamọ́ Banff: àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin rí orísun kan ní 1883, ìjọba sì pààlà sí i ní 1885. Òun ló di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Kánádà. Ara tó ti gbá ihò méjìdínlógún mọ rírì omi yẹn, ọkọ mi kò fẹ́ jáde.

*

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gbé pápá gọ́ọ̀fù Kananaskis wọlé, nítorí kò jìnnà sí Banff. Robert Trent Jones ló ṣe ètò rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1983, pápá méjì ni: Mount Kidd àti Mount Lorette. Ìyanrìn inú àwọn kòtò rẹ̀ funfun báláú. Mo ti gbá a kí àkúnya omi oṣù Kẹfà 2013 tó dé, omi tó gbá òkúta àti igi wọ ibẹ̀, tó sì ba ọ̀pọ̀ ihò jẹ́. Mo ro pé ó ti parí nìyẹn. Ọdún 2018 ni wọ́n tún un ṣí, mo sì padà lọ. Bí mo ṣe dúró síbi tí mo mọ̀, tí mo rí i pé koríko tún ti bò ó, omi lé ròrò sí mi lójú.

Ohun kan tí ẹ̀gbọ́n kò fi kún ọ̀rọ̀ wọn: lórí koríko kúkúrú tí àsíá wà, kí ẹ tó ta bọ́ọ̀lù sínú ihò, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí odò wà. Ilẹ̀ lè dà bíi pé ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù sábà máa ń yí kúrò lọ́dọ̀ òkè, á sì forí lé odò.

Ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ló dára jù fún ẹni tí kò tíì lọ rí?

*

Àbúrò, òótọ́ lẹ sọ nípa odò yẹn. Ní ti oṣù, láti ìparí oṣù Kẹfà lọ. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó wọ̀, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó sì gbá a tẹ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ igbe elk kó lọ lóṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n kó mú aṣọ òtútù dání, nítorí yìnyín lè já bọ́ nígbà náà. Ẹ sì rántí pé ìwé àṣẹ tí ẹ máa fi wọ Banff kò kan Kananaskis. Ti Kananaskis dá yàtọ̀ láti 2021, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà á fún.