Ìbéèrè: CRB, EPEL àti repo àwọn ará ìta lórí AlmaLinux 9, èwo ni kí n tan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. AlmaLinux 9, Linux kan tí wọ́n ṣe bíi RHEL ti Red Hat, ló wà lórí sáfà ọ́fíìsì wa. Àwọn oníṣirò fẹ́ lo R, èdè tí wọ́n fi ń ṣírò dátà, lórí rẹ̀. Mo ti gbé EPEL, ọ̀kan lára àwọn repo (ibi tí a ti ń fa sọ́fítíwíà wálẹ̀), wọlé, mo wá lo dnf, irinṣẹ́ tó ń gbé sọ́fítíwíà wọlé, mo kọ dnf install R, èsì tó fún mi nìyí:

nothing provides texinfo-tex needed by R-core-devel

Ó ní kí n fi --skip-broken tàbí --nobest kún un. Lẹ́yìn R, wọ́n á tún béèrè PostgreSQL 16, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà. Sáfà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wa gbójú lé, n ò fẹ́ kó repo jọ kí wọ́n wá máa bá ara wọn jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má fi --skip-broken sí i. Fífò ni yóò fo R, ibi tí ẹ wà náà lẹ ó sì wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé R wà ní EPEL, àmọ́ texinfo-tex tí ó gbára lé wà ní CRB (repo mìíràn ti AlmaLinux fúnra rẹ̀), pípa sì ni CRB máa ń wà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé AlmaLinux 9 sórí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe EPEL gbà pé ẹni tó bá fẹ́ lo nǹkan tiwọn ti tan CRB ná. Nítorí náà, bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí:

dnf install dnf-plugins-core
dnf config-manager --set-enabled crb
dnf install epel-release
dnf install R

Kí ẹ tó dáhùn y sí ti ìkẹyìn, ẹ wo ọ̀wọ́ Repository nínú tábìlì tí dnf gbé jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí èyí tó ń bọ̀ láti appstream, èyí tó ń bọ̀ láti crb àti èyí tó ń bọ̀ láti epel. Ẹni tó bá ń ka tábìlì yẹn dáadáa kì í sábà bọ́ sínú wàhálà repo.

Orúkọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Lórí AlmaLinux 8 àti Rocky 8, powertools ni CRB ń jẹ́. Lórí RHEL 9 gan-an, config-manager kọ́ lẹ ó lò, subscription-manager ni:

subscription-manager repos --enable codeready-builder-for-rhel-9-$(arch)-rpms

Tí ẹ bá ṣe àdàkọ àṣẹ láti inú ìtọ́sọ́nà ẹ̀dà 8 sórí ẹ̀dà 9, yóò ní òun ò mọ repo tó ń jẹ́ powertools.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tó ń bójú tó ohun kọ̀ọ̀kan kún un, torí ibẹ̀ ni ìpinnu yín wà. BaseOS àti AppStream ni repo ìpìlẹ̀. CRB kún fún àwọn package (ìdì sọ́fítíwíà) -devel àti irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ sọ́fítíwíà. Red Hat ń gbé e jáde, àmọ́ kò ṣe àtìlẹ́yìn fún ohun tó wà nínú rẹ̀. EPEL wà lábẹ́ Fedora, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Òfin wọn ni pé package EPEL kò gbọdọ̀ gba ipò èyí tó ti wà ní RHEL. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ láti jẹ́ kí EPEL wà ní títàn lórí sáfà iṣẹ́.

Ẹ lè gbọ́ ìmọ̀ràn kan níta pé kí ẹ pa EPEL, kí ẹ máa fi --enablerepo=epel pè é nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ nìkan. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ dnf upgrade, àtúnṣe ààbò fún ohun tí ẹ ti gbà láti EPEL kò ní wọlé, kò sì sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún yín. Odidi ọdún lè kọjá kí ẹ tó mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ há a mọ́, ẹ lọ sínú /etc/yum.repos.d/epel.repo, lábẹ́ [epel], kí ẹ kọ excludepkgs= àti orúkọ ohun tí ẹ ò fẹ́. includepkgs= náà wà, èyí tó ń gba kìkì ohun tí ẹ bá dárúkọ láàyè, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí package náà gbára lé sí i pẹ̀lú. Tí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, àṣìṣe "nothing provides" yẹn ni yóò tún padà wá. Fún R tí àwọn ohun tó gbára lé pọ̀ jàra, mi ò ní gbà yín níyànjú láti lò ó.

Ìdáhùn kẹta

Lórí PostgreSQL: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà nílé, nínú àwọn module (ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí AppStream ń jẹ́ kí ẹ yàn).

dnf module list postgresql

Láti ẹ̀dà 9.4 ti AlmaLinux ni PostgreSQL 16 ti wà nínú AppStream. Tí ẹ bá rí i, ẹ ò nílò repo ará ìta kankan:

dnf module enable postgresql:16
dnf install postgresql-server
postgresql-setup --initdb

Ìgbà tí wọ́n bá béèrè ẹ̀dà tí kò sí nínú list yẹn nìkan lẹ ó lọ bá repo PGDG, ti àwọn tó ń ṣe PostgreSQL fúnra wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e wọlé, ohun tí èèyàn kì í rántí ni èyí:

dnf -qy module disable postgresql

Tí ẹ ò bá ṣe é, module ti AppStream lè bo package PGDG mọ́lẹ̀, kí dnf sọ pé "filtered out by modular filtering". Ẹ fi í sọ́kàn pé àyè tí dátà wà yàtọ̀: ti AppStream wà ní /var/lib/pgsql/data, ti PGDG ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà sí i, bíi /var/lib/pgsql/17/data. Nítorí náà, ẹ má ṣe ń pààrọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì láìkọ́kọ́ fi pg_dumpall pa dátà mọ́.

PGDG ń tan repo ẹ̀dà mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo dnf repolist, kí ẹ pa àwọn tí ẹ ò lò. Ìsọfúnni repo kọ̀ọ̀kan ni dnf ń fà wálẹ̀, owó dátà sì ni.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, R ti wọlé. 16 náà wà nínú list. Ó ku ọ̀kan: ẹni tó lo sáfà yìí ṣáájú mi ti fi ọwọ́ gbé àwọn rpm (fáìlì package) kan sí i, mo rí el8 lára orúkọ méjì. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Ìdáhùn kẹrin

Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Lára ẹ̀dà 8 ni wọ́n ti kọ́ wọn, lábẹ́ glibc àti OpenSSL (àwọn library tí sọ́fítíwíà gbára lé) tó yàtọ̀, kò sì sí repo kankan tó ń fún wọn ní àtúnṣe. Ẹ kọ́kọ́ ka gbogbo wọn jáde:

dnf list --extras

Ohun tí àṣẹ yìí bá fi hàn ni ohun tó wà lórí ẹ̀rọ tí kò sí nínú repo tó wà ní títàn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi dnf list --showduplicates wo bóyá ẹ̀dà el9 wà. Tó bá wà, dnf distro-sync àti orúkọ package náà yóò fi ti el9 rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kọ dnf remove, kí ẹ ka ohun tí yóò bá a lọ kí ẹ tó gbà. Tí ẹ bá ṣì í ṣe, dnf history yóò fi nọ́ńbà ìṣe náà hàn, dnf history undo àti nọ́ńbà náà yóò sì gbìyànjú láti dá a padà. Àmọ́ kò ní lè dá rpm el8 yẹn padà, torí kò sí repo tí yóò ti rí i fà, nítorí náà ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀ tí ẹ bá ṣì ní in.

Ìdáhùn kejì

Ọ̀kan tó kù: bí ìgbà méjì lọ́dún ni RHEL ń mú ẹ̀dà kékeré tuntun jáde, 9.5, 9.6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lára èyí tó jáde kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kọ́ EPEL 9. AlmaLinux lè gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó bá a. Tí dnf upgrade bá kígbe "nothing provides" lórí package EPEL ní àsìkò yẹn, tí CRB sì wà ní títàn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi --exclude yọ package yẹn sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù wọlé, kí ẹ tún un ṣe nígbà tí AlmaLinux bá ti gbé tirẹ̀ jáde.